Afárá Faidherbe: Afárá Irin Tí Ń Yà Fún Ọkọ̀ Ojú Omi

Erékùṣù ni ìlú Saint-Louis ní Senegal, kò sì jìnnà sí ibi tí odò Senegal ti ń wọ òkun. Bí òkun bá kún, odò náà a kún. Bí ó bá fà, òun náà a fà. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń sọdá sí Sor títí di 1865, tí ìjọba Faransé fi ṣe afárá tí ó léfòó lórí omi. Wọ́n fi orúkọ gómìnà wọn, Faidherbe, pè é.

Ní 1885, rélùwéè láti Dakar dé Sor, èrò àti ẹrù sì pọ̀ ju agbára afárá náà lọ. Ní 1897 ni wọ́n ṣí afárá irin tí ó gùn ju 500 mítà lọ, ọdún mẹ́rin ṣáájú Afárá Carter ní Èkó.

Apá kan rẹ̀ kì í gbéra sókè. Ńṣe ni ó ń yí lórí òpó bí ilẹ̀kùn, kí ọkọ̀ gíga lè kọjá lọ sí Podor. Láti 2008 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ àwọn irin rẹ̀ tí ó ti dógùn-ún.

Ọ̀pọ̀ ń sọ pé Gustave Eiffel ni ó ṣe é, tàbí pé odò Danube ní Yúróòpù ni wọ́n ṣe é fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Nouguier àti Kessler ni ó gba iṣẹ́ náà, Saint-Louis ni wọ́n sì ṣe é fún. Bí a ṣe ń béèrè ẹni tí ó gba hadíìsì wá, ẹ jẹ́ kí á máa béèrè ẹni tí ó gba ìtàn wá pẹ̀lú.