Fóòmù Tí Kò Ní Tètè Jìn Fún Ẹni Tó Sanra: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹni tó bá sanra mọ ìṣòro yìí dáadáa. Fóòmù tuntun á dùn ún sùn fún oṣù mélòó kan, kó tó pé ọdún kan, àárín ẹ̀ á ti jìn bíi kòtò. Ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, owó á tún jáde, òmíràn náà á tún jìn. Bí èèyàn bá lọ fẹjọ́ sùn, ẹni tó ta ọjà lè sọ pé, "Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ tóbi." Ẹ má gba ẹ̀bi yẹn o. Fóòmù tó lè gbé kílò 100, kódà 120, wà lọ́jà. Ká mọ̀ ọ́n yàn ló kù. Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa ní Mápó, Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti ibi gbogbo tí ẹ ti ń gbọ́ wa, àlàyé rèé.

Íǹṣì kọ́ ni agbára fóòmù

Bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá dé ṣọ́ọ̀bù, ohun tá a máa ń bèèrè ni pé, "Ṣé íǹṣì mẹ́wàá ni?" Íǹṣì ń sọ bí fóòmù ṣe ga tó, kò sọ bó ṣe lágbára tó. Bíi búrẹ́dì ni fóòmù ṣe ń wú. Nílé iṣẹ́, wọ́n á po kẹ́míkà olómi pọ̀, á hó, á ru sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á wá di gàdàgbà kan tí wọ́n máa gé sí wẹ́wẹ́. Èyí tí afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀ ga lóòótọ́, àmọ́ ó fúyẹ́, bíi búrẹ́dì tó jẹ́ pé téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èyí tó ki ló máa ń pẹ́.

Bí fóòmù ṣe ki tó ni wọ́n ń pè ní dẹ́ńsítì. Iye kílò tó wà nínú fóòmù tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan ni. Dẹ́ńsítì 18 lè tó ọmọdé. Ẹni tó bá ti wọ̀n tó kílò 90, kó má lọ sísàlẹ̀ 30. Bó bá ti kọjá 110, kó wá 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí la tó máa sọ̀rọ̀ íǹṣì: kó má dín ní 8, ó sàn kó jẹ́ 10, kí ìdí àti èjìká má baà kan pákó.

Ẹ fi sikéèlì wò ó

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ò mọ dẹ́ńsítì ọjà wọn, àmọ́ ẹ lè ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Ẹ mú gígùn àti fífẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú íǹṣì gíga ẹ̀, kí ẹ wá fi 14 pín in. Iye kílò tó yẹ kí fóòmù dẹ́ńsítì 30 wọ̀n nìyẹn. Bó bá jẹ́ 35 lẹ fẹ́, 12 ni kí ẹ fi pín in.

Ẹ jẹ́ ká mú 6 × 4 tó ga ní íǹṣì 8. 6 lọ́nà 4 jẹ́ 24, 24 lọ́nà 8 jẹ́ 192. Tí a bá fi 14 pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14. Tí tọwọ́ yín ò bá ju kílò 8 lọ, dẹ́ńsítì 18 ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Èyí ni bó ṣe yẹ kí dẹ́ńsítì 30 wọ̀n:

- 6 × 4, íǹṣì 8: kílò 14
- 6 × 4½, íǹṣì 10: kílò 19
- 6 × 6, íǹṣì 10: kílò 26
- 6 × 6, íǹṣì 12: kílò 31

Ẹ yọ kílò kan tàbí méjì kúrò fún aṣọ ara ẹ̀. Bí sikéèlì ṣọ́ọ̀bù bá kéré, kí géńdé kan gun sikéèlì ilé, kó tún gun ún pẹ̀lú fóòmù lọ́wọ́, kí ẹ yọ ìwọ̀n tiẹ̀ kúrò. Ìṣirò yìí ò ṣiṣẹ́ fún oní-spring.

Kí wọ́n má fi ìwúwo rẹ́ yín jẹ

Àwọn aṣebàjẹ́ kan máa ń po lẹ́búlẹ́bú bí ẹfun mọ́ kẹ́míkà kí fóòmù lè wúwo. Irú ẹ̀ máa ń tètè rún. Torí náà, ẹ ní kí wọ́n ṣí síìpù. Ẹ fọwọ́ ra etí ẹ̀: tí ìyẹ̀fun bá ń yọ tàbí tó ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ máa lọ. Ẹ fi orúnkún tẹ àárín ẹ̀, kí ẹ dìde: fóòmù gidi á dìde tẹ̀lé yín lójú ẹsẹ̀. Orúkọ Vitafoam, tó ti wà láti 1962, tàbí Mouka lára aṣọ nìkan ò tó ẹ̀rí, nítorí aṣọ ṣeé rán. Ẹ wo inú, kí ẹ sì wá àmì MANCAP ti àjọ SON.

Líle bíi pákó ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ gbà pé bí fóòmù bá ṣe le tó ló ṣe dára fún ẹ̀yìn tó. Ní 2003, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí kan jáde láti Spain lórí àgbàlagbà 313 tí ẹ̀yìn ń dùn. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, àwọn tó sùn lórí èyí tó le níwọ̀nba rí ìtura ju àwọn tó sùn lórí èyí tó le gan-an lọ. Ẹni tó sanra nílò ìsàlẹ̀ tó ki tó sì le, pẹ̀lú òkè tó rọ̀ díẹ̀.

Ohun tó mú kí orthopaedic wúlò nìyẹn, bí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn ní àárín tí wọ́n fi àjákù fóòmù aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ṣe. Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì, ó lágbára, ṣùgbọ́n kí ìpele tó rọ̀ wà lókè ẹ̀. Bó bá jẹ́ oní-spring, èyí tí wáyà ẹ̀ nípọn tí etí ẹ̀ sì dúró ni kí ẹ mú. Ẹ jókòó sétí ẹ̀ wò. Tọkọtaya tí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, kí àwọn méjèèjì jọ dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bí èyí tó fúyẹ́ bá ń yí lọ bá ìkejì, ẹ wá òmíràn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, owó yín ni.

Ẹ wo bẹ́ẹ̀dì náà

Pákó tó ti ṣẹ́ lábẹ́ á ba fóòmù tuntun jẹ́. Kí àlàfo àárín pákó má ju íǹṣì 3 lọ, kí káfíńtà sì fi igi gbọọrọ kan sí àárín, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀. Ẹ̀yin tí ilé yín wà nínú agbo ilé tí mọ́tò ò lè wọ̀, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà àti àtẹ̀gùn kí ẹ tó ra 6 × 6. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ká orthopaedic tàbí oní-spring.

Bó ṣe máa pẹ́

- Ẹ yọ ọ̀rá ara ẹ̀. Ó ń há òógùn àti ooru mọ́ inú.
- Ẹ yí ibi orí sí ibi ẹsẹ̀ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta.
- Ẹ má sá a sóòrùn. Oòrùn máa ń jẹ fóòmù, á pọ́n, á sì rún. Ibòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ló dáa.

Ẹ gba rìsíìtì àti ìwé wáráńtì, kí ẹ bèèrè íǹṣì mélòó ló gbọ́dọ̀ jìn kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀. Òfin 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà.

Bí ẹ bá ti pààrọ̀ fóòmù tí ẹ̀yìn ṣì ń dùn, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, ẹ má wá fóòmù kẹta. Ẹ lọ rí dókítà ní Adéọ̀yọ́ tàbí UCH.