Àwọn Ewúrẹ́ San Clemente

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ìyá mi ní abo ewúrẹ́ dúdú kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin gbogbo agboolé wa. Kò sí èlùbọ́ tí a sá sórí ẹní tí kì í fi ẹnu kàn, kò sì sí ilẹ̀kùn tí a gbàgbé láti tì tí kì í mọ̀. Nígbà tí ẹ̀sùn pọ̀ jù, àwọn àgbà ilé ní kí a pa á jẹ kí ọ̀rọ̀ tán. Ìyá mi kò jiyàn. Ní ìdájí ọjọ́ kejì ni ó fa ewúrẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní abúlé tí kò jìnnà sí wa, wọ́n sì ṣe irú àdéhùn tí àwọn ìyá wa máa ń ṣe: kí ọ̀rẹ́ náà máa sìn ín, bí ó bá bímọ, kí wọ́n jọ pín in. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni a ń rí ọmọ àti ọmọ-ọmọ ewúrẹ́ yìí gbà láti abúlé, ìyá mi a sì máa wo ojú wọn láti mọ èyí tí ó jọ ìyá-ńlá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó padà sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ka ìtàn àwọn ewúrẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí a fi hẹlikópítà kó kúrò lórí erékùṣù lọ sí ibi ìsádi. N kò ní purọ́ fún òǹkàwé mi: ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ẹni tí ó bá dàgbà ní ibi tí ewúrẹ́ ti ń ti àgbàlá bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ kò lè ṣàì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bá ìwé kíkà náà lọ ni ẹ̀rín ń kúrò ní ẹnu mi, nítorí mo rí i pé ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ le ju èyí tí àwọn àgbà ilé wa dá lẹ́jọ́ lọ.

San Clemente ni orúkọ erékùṣù náà. Ó wà nínú òkun Pàsífíìkì, ní ọ̀kánkán gúúsù California, gígùn rẹ̀ tó máìlì 21, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín. Ní 1875 ni a kó ewúrẹ́ dé ibẹ̀ láti Santa Catalina, erékùṣù tí ó múlé tì í. Nígbà tí ó di 1934, ìjọba Amẹ́ríkà fi San Clemente sí ìkáwọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìdánrawò: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yin àgbá láti inú ọkọ̀. Àwọn ewúrẹ́ kò sì kúrò níbẹ̀. Kò sí ìkookò tí yóò pa wọ́n, kò sí olówó tí yóò kó wọn lọ sọ́jà, nítorí náà wọ́n ń bí sí i. Ní nǹkan bí 1972, a ṣírò wọn sí ohun tí ó lé ní 10,000.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibi yìí ni àwọn tí ó fẹ́ràn ẹranko máa ń sáré kọjá nínú ìtàn yìí. Àwọn ewéko erékùṣù tí ó dá wà láàrin òkun kì í rí bí ewéko ilẹ̀ ńlá. Fún àìmọye ọdún, kò sí ẹran ńlá tí ń jẹ wọ́n. Wọn kò ní ìdí láti hu ẹ̀gún tàbí láti korò. Lójijì ni a tú ewúrẹ́ sí wọn. Ẹni tí ó bá ti rí ohun tí agbo ewúrẹ́ kan ṣoṣo lè ṣe sí oko ẹ̀gẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan lè fọkàn yàwòrán ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ṣe láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún. Igi gbígbó ń kú, ọ̀dọ́ igi kò rí àyè dìde, òjò sì ń gbá ilẹ̀ tí kò ní ìbora mọ́ lọ sínú òkun. Àwọn ewéko kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn ní gbogbo ayé, àfi bí a bá bá wọn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun tí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kò tó. Ẹyẹ kan wà pẹ̀lú, tí kò tóbi ju ẹyẹ ẹ̀gà lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ọdẹ paraku: bí ó bá pa kòkòrò tàbí aláǹgbá, a fi kọ́ ẹ̀gún igi kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já a jẹ. Irú rẹ̀ ti San Clemente kò sí níbòmíràn. Bí igbó ti ń tán ni ibi tí yóò kọ́ ìtẹ́ sí ń tán.

Ní 1973, Amẹ́ríkà ṣe òfin láti dáàbò bo àwọn ohun abẹ̀mí tí ìran wọn fẹ́ parun. Ní 1977, a kọ orúkọ ẹyẹ tí mo sọ yìí, ológoṣẹ́ kan àti ewéko mẹ́rin ti erékùṣù náà sínú ìwé àwọn tí òfin yìí ń ṣọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi kò ti tú sílẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ń mú ewúrẹ́ láti 1972, wọ́n ń dẹ wọ́n, wọ́n ń kó wọn kúrò láàyè. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kù ń bí dípò èyí tí ó lọ. Wọ́n wá pinnu pé àwọn yóò máa yìnbọn pa wọ́n láti inú hẹlikópítà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí Cleveland Amory dá sí i. Òǹkọ̀wé ni Amory, tí a bí ní 1917. Ìwé nípa ìṣe àwọn ọlọ́lá ìlú Boston ni ó fi gba orúkọ, kì í ṣe ìwé nípa ẹran. Ṣùgbọ́n ní 1967 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Fund for Animals, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ jà fún ohun tí kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ yìnbọn pa àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ inú ọ̀gbun ńlá Grand Canyon, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kó wọn jáde láàyè, tí wọ́n lé ní 500. Nítorí wọn ni ó ṣe ra ilẹ̀ ní ìlú Murchison, ní ìlà-oòrùn Texas, tí ó sì sọ ọ́ ní Black Beauty Ranch. Orúkọ náà ti inú ìwé Anna Sewell wá, ìwé 1877 tí ẹṣin ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn. Amory kà á ní kékeré, ó sì ti ń lálàá irú ibi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ dé, ẹgbẹ́ náà gba ilé ẹjọ́ lọ ní 1979. Ẹjọ́ náà pẹ́, ó ní àlọ ó ní àbọ̀, n kò sì ní fi gbogbo rẹ̀ dá òǹkàwé lágara. Ohun kan ni mo fẹ́ tọ́ka sí. Caspar Weinberger ni mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà nígbà náà; òun àti Amory sì ti jọ ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Harvard ní ìgbà èwe wọn. Weinberger dá sí i, ìbọn sì dúró fún ìgbà díẹ̀. Àwa tí a máa ń sọ pé ènìyàn ni aṣọ wa kò nílò àlàyé. Ewúrẹ́ San Clemente rí ènìyàn fi bora. Ewéko inú ọ̀gbun kò bá ẹnikẹ́ni lọ sí Harvard.

Iṣẹ́ ìkónilọ náà kì í ṣe eré. Ọgbọ́n tí àwọn ará New Zealand fi ń mú àgbọ̀nrín láàyè ni wọ́n lò: hẹlikópítà á fò lọ sílẹ̀ lórí agbo, ẹnì kan á fi ìbọn ju àwọ̀n bo ewúrẹ́ tí ń sáré, òmíràn á bẹ́ sílẹ̀ láti dì í ní ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé e sọdá òkun lọ sí California. Àwọn kan nínú wọn dé Texas, sọ́dọ̀ àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Grand Canyon. A sì pín àwọn mìíràn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè gbà wọ́n sọ́dọ̀, bí ìgbà tí a ń wá alágbàtọ́ fún ọmọ òrukàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ewúrẹ́ ni ó là lọ́nà yìí. Ẹni tí ó bá rò pé irú iṣẹ́ yìí kò tó nǹkan, kí ó gbìyànjú láti mú òbúkọ kan ṣoṣo nínú ọjà.

Ṣùgbọ́n a kò lè kó gbogbo wọn. Àwọn tí ó kù fara pamọ́ sínú àfonífojì, nígbà tí ó sì yá, àwọn ọmọ ogun padà sí ìbọn. Ọgbọ́n tí wọ́n fi parí rẹ̀ ni ó dùn mí jùlọ nínú gbogbo ìtàn yìí. Wọ́n á mú ewúrẹ́ kan, wọ́n á so ẹ̀rọ tí ń sọ ibi tí ó wà mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n á sì tú u sílẹ̀. Nítorí pé ewúrẹ́ kò lè dá gbé, yóò wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ títí yóò fi rí wọn. Àwọn ọdẹ á sì tọ ipasẹ̀ ẹ̀rọ náà dé ibẹ̀. Júdásì ni wọ́n ń pe irú ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, orúkọ náà kò tọ́. Júdásì mọ ohun tí òun ń ṣe, ó sì gba owó lé e lórí. Ewúrẹ́ yìí kò ṣẹ̀ ju pé kò fẹ́ dá wà. Ní 1991 ni èyí tí ó kẹ́yìn kúrò ní San Clemente. Iye tí a mú kúrò lórí erékùṣù náà láti 1972, láàyè àti lókùú, lé ní 25,000.

Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ti gbìyànjú láti gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì, èrò mi sì ni pé òótọ́ ni àwọn ọmọ ogun sọ pé ewúrẹ́ kò lè dúró níbẹ̀. Ní 2023, ìjọba Amẹ́ríkà yọ ewéko mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ológoṣẹ́ náà kúrò nínú ìwé àwọn tí ó wà nínú ewu, nítorí pé wọ́n ti gbèrú. Ẹyẹ ọdẹ ni kò tíì bọ́: ní 1998, mẹ́rìnlá péré ni ó kù nínú igbó, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ẹranko San Diego ni ó sì ń pa ẹyin rẹ̀, tí wọ́n ń tọ́ ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń tú u padà, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Bí ewúrẹ́ bá ṣì wà níbẹ̀ ni, n kò rò pé a ó máa sọ èyí. Amory náà sì tọ̀nà pé ẹran tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó dé ibì kan kò yẹ kí ó fi ẹ̀mí san gbèsè ẹni tí ó kó o wá.

Ibi tí mo ti bá àwọn olùgbàlà náà ní gbólóhùn asọ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ewúrẹ́ gúnlẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn òbúkọ ni a tẹ̀ lọ́dàá, a sì fi iṣẹ́ abẹ sé inú ọ̀pọ̀ abo, kí wọ́n má baà bí mọ́. Ìdí rẹ̀ yé mi. Ẹni tí ó ń wá ilé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ewúrẹ́ kò ní fẹ́ kí wọ́n di ìlọ́po méjì lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹ̀mí ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ká wọn lára: kí èyí tí ó wà láàyè jẹun, kí ó dàgbà, kí ó kú ikú àlàáfíà. Ìran kò sí nínú àṣírò wọn. Ìyá mi, tí kò mọ̀wé, ṣírò rẹ̀. Kò sí nínú àdéhùn òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ewúrẹ́ dúdú náà gbó láìbímọ.

Àwọn kan fi ojú sí i ní àkókò. Àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ tí ó gba ewúrẹ́ tí a kò tíì tẹ̀ lọ́dàá bẹ̀rẹ̀ sí í sìn wọ́n lọ́tọ̀, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀ mọ́ ẹ̀yà mìíràn. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, iye àwọn tí ó kù tí ó lè bímọ kò tó nǹkan mọ́. Nígbà náà ni a wá ń bi ara wa léèrè irú ewúrẹ́ tí wọ́n jẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ewúrẹ́ àwọn ará Sípéènì ni wọ́n, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà. Àyẹ̀wò ohun àjogúnbá inú ara wọn, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007, fi hàn pé wọ́n dá yàtọ̀ sí gbogbo ẹ̀yà tí a fi wọ́n wé. Ẹ̀yà tí ó dá dúró ni a fi ọ̀bẹ àánú dín kù bẹ́ẹ̀, láìmọ̀.

Amory kú ní 1998. Ilẹ̀ rẹ̀ ní Murchison ṣì wà, ó ti lé ní 1,000 éékà, ọ̀rọ̀ ìparí ìwé Anna Sewell sì wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ San Clemente tí ó bímọ ń bẹ ní oko kéékèèké káàkiri Amẹ́ríkà àti Canada: wọn kò tóbi, àwọ̀ wọn pọ́n bí amọ̀, pẹ̀lú ìlà dúdú ní ojú. A ṣì kà wọ́n mọ́ àwọn ẹran ọ̀sìn tí ìran wọn wà nínú ewu. Àgbẹ̀ tí ó bá ń wá òbúkọ fún agbo rẹ̀ lè wakọ̀ la ìpínlẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin kọjá kí ó tó rí èyí tí kì í ṣe ọmọ ìyá àwọn abo tí ó fi sílẹ̀ nílé.