Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Lomé Láti Ayé Jámánì

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ń sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ibi ẹ̀kọ́ gidi, kì í ṣe ìlú tí ohun gbogbo ti ń lọ geere láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ó yẹ kí a lọ wò, bí kò ṣe ìlú tí ìjọba ti ń gba ipò lọ́wọ́ ìjọba, tí èdè ti ń lé èdè jáde nínú kíláàsì, tí òbí kò sì mọ èyí tí ọmọ òun yóò gbé wálé lọ́la. Lomé ní ilẹ̀ Tógò ni ìlú náà: Lomé etí òkun, ìlú oníyanrìn tí ó fẹ̀gbẹ́ ti ààlà Aflao, ìlú àwọn olówò tí wọ́n mọ ìṣirò kí òyìnbó tó fi gègé lé wọn lọ́wọ́. Láàárín ọgbọ̀n ọdún péré, ọmọ ìyá mẹ́ta lè jáde láti inú agboolé kan níbẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n kàwé ní èdè Jámánì, kí èyí tí ó tẹ̀lé e kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì, kí àbíkẹ́yìn sì kà á ní Faransé. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá, ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n ìgbà kan ṣoṣo ni ọmọdé fi ń ṣe ọmọdé.

Kí Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Baguida ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1884, tí Jámánì fi sọ etíkun náà di tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn oníṣòwò fi ń bá òyìnbó nájà láti Keta títí dé Èkó. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1892 ni àwọn fadá Jámánì ti ẹgbẹ́ Steyl gúnlẹ̀ sí Lomé, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi kó ọmọ jọ sídìí pátákó. Nígbà tí ó di ọdún 1897, ọdún tí a sọ Lomé di olú-ìlú, àwọn sísítà dé láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Àwọn míṣọ́nnárì Bremen, tí wọ́n ti wà láàárín àwọn Ewe láti ọdún 1847, gbà ní tiwọn pé èdè ìyá ni ó yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ fi mọ̀wé, nítorí náà wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí èdè Ewe, títí Diedrich Westermann, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n rán wá, fi bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé atúmọ̀ èdè náà jáde ní ọdún 1905. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwọn wọ̀nyí mọ ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òbí kò fẹ́ Ewe, wọn kò sì fẹ́ èdè Jámánì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń béèrè, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń mú iṣẹ́ akọ̀wé wá ní Accra àti ní Èkó. Èmi kò lè pè wọ́n ní òmùgọ̀. Ẹni tí ó ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ọmọ òun yóò fi jẹun.

Ọdún 1905 kan náà ni ìjọba pàṣẹ pé, yàtọ̀ sí èdè ìbílẹ̀, èdè Jámánì nìkan ni a gbọ́dọ̀ fi kọ́ ọmọ, wọ́n sì so owó ìrànwọ́ mọ́ iye ọmọ tí ó bá yege nínú ìdánwò èdè náà. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń yin ilé-ẹ̀kọ́ ayé Jámánì fún ìmọ́tótó àti ìbáwí rẹ̀. Èmi kò bá wọn jiyàn nípa ìmọ́tótó. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn fadá Jámánì ní Lomé ni Sylvanus Olympio, tí a bí ní ọdún 1902, ti kọ́kọ́ kàwé. Ó lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní London School of Economics, ó bá ilé-iṣẹ́ Unilever ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà àti ní Gold Coast, kí ó tó di ẹni tí ó ṣáájú Tógò wọ òmìnira ní ọdún 1960. Ṣùgbọ́n ọmọ ìdílé olówò ni; bí ọ̀nà kan bá dí, àwọn ènìyàn rẹ̀ lágbára láti la òmíràn fún un. Àwọn tí kò ní irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi gbogbo ìgbà èwe wọn kọ́ èdè Jámánì, ni ilẹ̀ mọ́ bá lọ́jọ́ kan tí èdè náà kò ra nǹkan kan lọ́jà mọ́.

Ogun dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914; ní ọjọ́ 26 oṣù náà Jámánì túúbá. Lomé bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èdè tí a ti lé gba ẹnu-ọ̀nà sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1920, a fa ìlú náà lé Faransé lọ́wọ́, ìyẹn ni pé a tún pa pátákó rẹ́.

Faransé kò fẹ́ gbọ́ èdè mìíràn nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ó bá fi èdè ilé rẹ̀ bá ẹlẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, wọn a gbé ohun kan kọ́ ọ lọ́rùn tí wọ́n ń pè ní signal, igi tàbí egungun tí a fi okùn sí. Òun náà a máa gbé e kiri títí etí rẹ̀ yóò fi gbọ́ àṣìṣe ẹlòmíràn, tí yóò bọ́ ọ fún onítọ̀hún, ẹni tí ó bá sì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ jáde ni yóò jìyà. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí ó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ológbò ti ń ṣọ́ eku.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú kíláàsì kan náà, ni a ti ń ṣe ohun tí ó wù mí jù lọ nínú ìkọ́ni àwọn Faransé. Olùkọ́ a dúró níwájú pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́, a sì gbé ìṣirò kan kalẹ̀ láìkọ ọ́ sí pátákó: ìyá kan ra iṣu méjìlá, mẹ́ta bàjẹ́, ó ta ìyókù ní iye báyìí, èló ni ó wọlé fún un? A lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan, oníkálukú a máa ronú. A lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ẹfun a máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lórí síléètì. A lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo síléètì a gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, olùkọ́ a sì wò wọ́n láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn, a mọ ẹni tí ó yé àti ẹni tí kò yé kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ilé-ẹ̀kọ́ La Martinière ní ìlú Lyon ni ọ̀nà yìí ti wá, orúkọ ibẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Ọmọ tí ojú ń tì a dáhùn láìdìde. Ọmọ tí ó mọ̀wé jù kò lè fi ẹnu gba ti ẹlòmíràn. Àṣìṣe tí ó sì wà lórí síléètì, àkísà kékeré ni ó ń pa á rẹ́, kò sí ẹni tí yóò gbé e kọ́ ọrùn. Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀nà náà ń béèrè, kí ojú olùkọ́ lè ká gbogbo ọmọ tí ó wà níwájú rẹ̀.

Àwọn Yorùbá tiwa tí wọ́n tẹ̀dó sí àdúgbò Anagokomé ní Lomé kò fi gbogbo ara gba ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Yorùbá ni ọmọ wọn ń gbọ́ nílé, Ewe ní ìgboro, èdè Lárúbáwá níwájú aáfà, kí Faransé tó wá kún un. Ọ̀pọ̀ bàbá ka ilé-kéwú àti ìsọ̀ sí ẹ̀kọ́ tó, ọ̀pọ̀ ìyá sì fi ọmọbìnrin sí ìdí ọjà ní Asígámé, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ wúlò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí kò dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ọmọ tí ó ti ń ka ṣéńjì fún oníbàárà láti ọmọ ọdún mẹ́fà kò wọ kíláàsì lọ́wọ́ òfo. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, olùkọ́ tí ó bá sì béèrè ohun tí ọmọ mú bọ̀ láti ilé ti gba iṣẹ́ ọdún kan lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, òfin àtúnṣe ẹ̀kọ́ jáde tí ó fẹ́ mú Ewe àti Kabiyè wọ kíláàsì. Apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dúró sórí ìwé. Ní ọdún 2008, ìjọba fagi lé owó ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, ohun tí ó tọ́ tí ó sì ti pẹ́ jù. Àwọn ọmọ tí owó ti dá padà sílé rọ́ wọlé, àga kò tó, olùkọ́ tí ó ń ní kí wọ́n gbé síléètì sókè kò rí ìlà ẹ̀yìn mọ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sì wà tí òbí fúnra wọn dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní EDIL: òbí ni ó kọ́ ọ, òbí ni ó ń dá owó oṣù fún olùkọ́ tí ó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìgbà kò rí ẹ̀kọ́ṣẹ́ kankan gbà, tí owó náà a sì máa falẹ̀ títí a ó fi kórè. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ a máa mẹ́hẹ. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó dá nínú owó olùkọ́ lè dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà kí ó bi í pé, kí ni ọmọ mi kọ́ lónìí? Ìjọba ti gba púpọ̀ nínú wọn mọ́ra láti ìgbà náà, ó sì ń fún wọn ní olùkọ́ àti ìwé. Ẹnu tí òbí ní níbẹ̀ ni kò tíì sí ẹni tí ó mọ bí yóò ṣe gbà á mọ́ ọn.