Ìlù Tí Ṣọ́ọ̀ṣì Kọ̀ Ló Sọ Òṣogbo Di Ìlú Eré

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, títí dé Ìlá Ọ̀ràngún, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé onílù ló ń darí ẹsẹ̀ egúngún Eléwe. Bí ìlù bá dákẹ́, ijó parí. Síbẹ̀, lónìí, ọ̀pọ̀ òbí ni kò fẹ́ kí ọmọ wọn gbé ìlù kọ́ èjìká. Àwọn mìíràn tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílù gan-an ti yọ Àyàn kúrò lára orúkọ wọn, wọ́n fi Olú rọ́pò rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀sìn àwọn kò gba ìlù òrìṣà láyè.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Òṣogbo tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, ó sì yẹ kí a rántí ibi tó já sí.

Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti wọ Òṣogbo ní ọdún 1907 ni ìlú náà ti di ọjà ńlá, tí oníṣòwò, akọ̀wé àti tíṣà ń wọ́ lọ síbẹ̀. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ eré mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó: ti Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ti Oyin Adéjọbí, àti ti Dúró Ládípọ̀.

Tíṣà ni Ládípọ̀, òṣìṣẹ́ nínú ìjọ Áńgílíkà sì ni bàbá rẹ̀. Òun ló kọ orin Ọdún Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, tó sì mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ó nídìí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn orin òyìnbó tí a fi ń kọ orin Yorùbá nígbà náà máa ń lọ́ ọ̀rọ̀ wa po. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n orin tí kò tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ a máa sọ ọ̀kan di èkejì. Ìlù dùndún kì í ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an ló ṣe ń dún. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìjọ fárígá. Lójú tiwọn, ìlù kèfèrí kò gbọdọ̀ dún nílé Ọlọ́run.

Ládípọ̀ kò bá wọn jà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1961, ó gbé orin Kérésìmesì rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ Mbárí ní Ìbàdàn, èyí tí Ulli Beier àti àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká dá sílẹ̀ lọ́dún náà. Nígbà tó padà dé, ó sọ ilé tó ti ń ta ọtí ní Òṣogbo di ilé eré. Oṣù Kẹta ọdún 1962 ni wọ́n ṣí i. Èdè Ìgbò ni Mbárí, kò yé àwọn ará ìlú, ni wọ́n bá fi èdè tiwọn túmọ̀ rẹ̀: Mbárí Mbáyọ̀, bí a bá rí i, a ó yọ̀.

Wọ́n rí i lóòótọ́, wọ́n sì yọ̀. Ní ọdún 1963, Ọba Kò So jáde nínú ilé yìí. Ìtàn Ṣàngó, Tìmì àti Gbọ́nńkáà ni, pẹ̀lú bàtá, oríkì àti ijó. Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún ni Ọya. Ní ọdún 1964 wọ́n gbé e dé Berlin ní Jámánì, ní 1965 wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú ìlù tí wọ́n kọ̀ ní Òṣogbo ni àwọn òyìnbó ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ilé náà tún gba àwọn tí kò ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Ijó ni Twins Seven-Seven ń jó fún ẹni tó ń kiri oògùn tà nígbà tó dé Òṣogbo. Jímọ̀h Búráímọ̀ ló ń tọ́jú iná orí ìtàgé. Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìrágbìjí, bá wọn ṣeré, ó sì di ẹni tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlù ní yunifásítì Ifẹ̀.

Ògúnmọ́lá kú ní ọdún 1973, Ládípọ̀ kú ní 1978. Tẹlifíṣọ̀n àti fíìmù fídíò sì kó àwọn òṣèré kúrò lórí ìtàgé. Eré náà tutù, ṣùgbọ́n ìlù borí. Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló tún lè ṣe ìdúpẹ́ lónìí láìsí gángan? Níwájú pẹpẹ gan-an ló ti ń dún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí nìyẹn. Ní ayé Ládípọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì lé ìlù, ṣùgbọ́n ilé onílù kún fún ọmọ tó ń kọ́ ọ. Ní ayé tiwa, ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ìlù, ilé onílù ló ń lé e. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, bí gángan bá dún, ẹ wo ojú ẹni tó gbé e kọ́ èjìká. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, ẹ bi í bóyá ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n lù.