Bí Ọmọdé Bá Mọ Ọwọ́ Wẹ̀: Òwe àti Iṣẹ́ Àkọ́kọ́ fún Ọ̀dọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

"Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, a bá àgbà jẹun." Apá méjì ni òwe yìí ní. Apá kìíní ń sọ ojúṣe ọmọdé: kí ó wẹ ọwọ́, ìyẹn ni pé kí ó mọ ìwà hù láwùjọ àgbà. Apá kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò: àgbà náà gbọ́dọ̀ fún un láyè nídìí oúnjẹ. Àdéhùn ni òwe náà, ìlérí sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe ojúṣe tirẹ̀. Ibi tí èyí ti hàn dáadáa ni iṣẹ́ owó tí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ ń ṣe, pàápàá iṣẹ́ àbọ̀ọ̀ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nígbà tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé tàbí nígbà ọlidé.

Nílùú Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, inú agbo ilé ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Igbá fínfín, iṣẹ́ awọ àti aṣọ òfì híhun wà lára iṣẹ́ ìran tí a mọ ìlú náà mọ́. Ọmọ kì í kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ nídìí igbá. Inú igbá ni yóò máa ha, tí yóò sì máa wo ọwọ́ àgbà. Nídìí òfì, òwú ni yóò máa ká. Kò sí owó oṣù, ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó ń rí aṣọ ọdún, iṣẹ́ náà sì ń di tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti ọmọ ìwọ̀fà kò rí bẹ́ẹ̀. Samuel Johnson, àlùfáà tó gbé ní Ọ̀yọ́, ṣàlàyé ètò ìwọ̀fà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Èlé owó ni iṣẹ́ ìwọ̀fà dúró fún. Bó ti wù kó ṣiṣẹ́ tó, ojú owó tí wọ́n yá kò dín. Ọmọ tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè òbí rẹ̀ wẹ ọwọ́ títí, kò bá ẹnikẹ́ni jẹun.

Lóde òní, ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: lọ́dọ̀ ránṣọránṣọ, onídìrí, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, tàbí nídìí ìsọ̀ ní ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ àti ní Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá yunifásítì LAUTECH sílẹ̀ ní 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti sọ títa oúnjẹ, títẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà àti, láìpẹ́ yìí, iṣẹ́ POS di ohun tó ń gba ọwọ́ púpọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà kajú, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ tún máa ń ṣa èso lóko, wọ́n á sì yọ kóró rẹ̀.

Ó yẹ kí a ya ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ owó. Ìmọ̀ ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wá gbà, òbí rẹ̀ sì lè san owó ìkọ́ṣẹ́ kí ó tó gba fírídọ̀mù, ìyẹn ìdásílẹ̀ lẹ́yìn tó bá kọ́ṣẹ́ parí. Owó ni ti èkejì. Ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀gá bá gba ọmọ láti máa bá a tajà, tó wá ń pè é ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kó má baà sanwó fún un.

Òfin Nàìjíríà pẹ̀lú dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣiṣẹ́, àfi iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ilé tí kò wúwo lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ ṣe ju wákàtí 4 léra tàbí wákàtí 8 lọ́jọ́ kan. Òbí lè fi ọmọ ọdún 12 sí 16 sẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ bí ọmọ náà bá gbà, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún 5 lọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ di òfin tirẹ̀ ní 2006, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó fẹ́ kí iṣẹ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 jẹ́ iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ilé fúyẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí. Ìdí nìyí tí ilé ìyá tàbí oko bàbá fi jẹ́ ibi tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti owó, Òfin Owó Oṣù Tó Kéré Jù ti 2019 yọ iṣẹ́ àbọ̀ọ̀ṣẹ́ sílẹ̀, ó sì yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹnu ni ọ̀dọ́ àti ọ̀gá yóò fi dá iye rẹ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, lójú òbí.

Ọwọ́ wíwẹ̀ fún ọ̀dọ́ ni kí ó tètè dé, kí ó kí oníbàárà, kí ṣéńjì pé, kí ó má fi ọwọ́ kan owó ọjà, kí ó má sì jẹ́ kí iṣẹ́ pa ìwé rẹ̀ lára. Fún àgbà, oúnjẹ náà ni owó tí wọ́n dá, tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, àti iṣẹ́ tí ó ń rí kọ́. Àgbà tó bá gba iṣẹ́ ọmọdé, tí kò fún un ní nǹkan kan, ni ó ba àdéhùn jẹ́.