Nördlingen

Nördlingen jẹ́ ìlú àtijọ́ ní ìpínlẹ̀ Bavaria, ní gúúsù Jámánì. Odi rẹ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí. Ọba Ludwig ti Bavaria ló pàṣẹ ní ọdún 1327 pé kí wọ́n mọ ọ́n, ó sì yí ìlú ká títí dòní láìjá níbì kan. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 2.7, ẹnubodè márùn-ún ló ní. Ọ̀nà tóóró tí wọ́n fi òrùlé bò wà lórí rẹ̀, níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń rìn láyé ọjọ́un. Àlejò lè gba ibẹ̀ rìn yí ìlú po lónìí.

Inú kòtò ràgàjì Ries ni ìlú náà tẹ̀dó sí. Òkúta tó já láti ojú ọ̀run ló gbẹ́ kòtò yìí ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 ọdún sẹ́yìn. Òkúta suevite, tí ìjábọ́ náà dá sílẹ̀, ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St. Georg. Ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, Daniel, ga tó mítà 90. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ̀ṣọ́ ṣì máa ń ké sí ìlú láti òkè rẹ̀, bí àwọn aṣíwájú rẹ̀ ti ń ṣe.