Níbo ni Akọrin Òpẹrà Yorùbá ti Kọ́ṣẹ́?

Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, Hubert Ogunde gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ sórí ìtàgé ní Glover Memorial Hall, Èkó. Ìtàn ọgbà Édẹ́nì ni. Ìjọ aládùúrà kan ló ní kó ṣe é, kí wọ́n lè rí owó kọ́ ilé ìsìn. Nítorí pé orin ló gba ibẹ̀ kan, òpẹrà ni wọ́n ń pe irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìgbà náà ti kọ́ bí a ṣe ń lé orin àti bí a ṣe ń gbè é.

Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní àbùkù kan tó kan àwa onímọ̀ èdè. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò yí ohùn orin padà. Bí orin bá sọ̀kalẹ̀ lórí sílébù kejì “ọgbọ́n”, “ọgbọ̀n” ni etí yóò gbọ́: ẹni tó ń yin ọgbọ́n Ọlọ́run wá di ẹni tó ń ka owó. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùrù ní Kàtídírà Christ Church l'Ékòó fún ohun tó lé ní 40 ọdún, rí i. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1953 lórí orin Yorùbá, ó fi hàn pé ohùn ọ̀rọ̀ ni orin ń tẹ̀ lé. Fela Sowande wà lára àwọn ọmọdé tó kọrin lábẹ́ rẹ̀.

Duro Ladipo ló mú ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1961, ó lo ìlù nínú kantáátà Àjíǹde ní Òṣogbo. Inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn sí i. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síta. Ọdún 1963 ni *Ọba Kò So* jáde, 1964 ni wọ́n gbé e dé Berlin. Oríkì, ọfọ̀ àti dùndún ló gbé eré náà ró. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò gbà kí akọrin ṣi ohùn, nítorí pé ìlù gan-an ń sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ tí akọrin ń rí gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù ju èyí tí dùrù lè fún un lọ.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé Èkó àti Òṣogbo nìkan ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní Kétu, akọrin Ẹ̀fẹ̀ ń dá kọrin lóru níwájú gbogbo ìlú ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO polongo ní 2001. Bó bá ń bú ẹnìkan, ó yẹ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ẹni tí ó ń bú. Síbẹ̀, ẹ̀ka orin ni a máa ń ní kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọrin lọ, a kì í rán an sọ́dọ̀ akọrin Ẹ̀fẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: kó kọ orin Ẹ̀fẹ̀ kan sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kó ní kí akọrin náà sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu lásán, kó wá wo ibi tí méjèèjì ti yà.